Étíkẹ́ẹ̀tì Méjìlá àti Kìnìún Kan

Òórùn aṣọ tuntun ló máa ń kọ́kọ́ wọ imú mi láàárọ̀, kí òórùn àkàrà ilé kejì tó dé. Bí Màmá bá ti tú okùn báálì aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Albarika, àdúgbò wa ní Parakou, òórùn náà á gba gbogbo ilé kan: òórùn ìda, òórùn aró, òórùn bébà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ó máa ń dà bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan ilẹ̀ gbígbẹ, àmọ́ tí epo díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Títí di òní, bí ẹ bá di ojú mi, tí ẹ gbé aṣọ mẹ́wàá kọjá níwájú imú mi, màá sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó àti èyí tó jẹ́ ayédèrú fún yín. Ẹ má sọ pé mo ń fọ́nnu. Mo ń fọ́nnu lóòótọ́, àmọ́ ẹ lọ bi gbogbo ọjà Arzèkè wò.

Àwa méjì ni Màmá bí, èmi Ràfíù àti àbúrò mi Mùsílíù, tí mo fi ọdún méjì jù lọ. Bàbá wa, ọmọ Ìsẹ́yìn tó wá tẹ̀dó sí Parakou, máa ń lọ kó ọjà ní Kùtọnu, kì í sábà sí nílé. Màmá ló ń jókòó sí ìsọ̀ aṣọ wa ní Arzèkè. Ní tèmi, ilé-ìwé mi kò ju kíláàsì mẹ́ta lọ. Kò sẹ́ni tó lé mi. Ọjọ́ tí tísà nà mí nítorí pé mo sọ Yorùbá ní kíláàsì ni mo gbé àpò mi, mo tọ Màmá lọ sí ọjà, n kò sì padà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì lè dá gbólóhùn kan kà. Bàbá bínú títí, ó rẹ̀ ẹ́. Màmá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀kan á mọ ìwé, ọ̀kan á mọ aṣọ. Wọn ò ní já nǹkan gbà lẹ́nu ara wọn."

Màmá ṣàṣìṣe níbẹ̀. Ohun gbogbo la ń já gbà lẹ́nu ara wa. Ẹran inú ọbẹ̀, ibi tó tẹ́jú lórí ẹní, ẹni tí Bàbá kọ́kọ́ pè nígbà tó bá ti ìrìn àjò dé. Èmi ni mo sì máa ń borí, nítorí pé apá mi le, ohùn mi sì ga. N kò mọ̀ nígbà náà pé ẹlòmíràn lè máa borí láì gbé ohùn sókè.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà níhìn-ín, ẹ ó rántí pé télé kò pọ̀ ní àdúgbò. Ọ̀kan wà nílé àgbà tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a máa ń pè ní Bàbá Mẹ́tìrì. Owó kọ́ ló ń gbà lọ́wọ́ wa. Ọmọ tó bá fẹ́ wo télé á fa garawa omi méjì láti inú kànga rẹ̀ dà sínú àgbá. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni, nítorí pé kò sí ilé-ìwé lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òógùn bá ti gbẹ lọ́rùn wa, a ó jókòó sórí símẹ́ńtì tútù, eré náà á sì bẹ̀rẹ̀.

Eré àwòrán ni, àwọn ará Japan ló yà á, Faransé ni wọ́n sì ń sọ nínú rẹ̀. Ọmọ ìyá méjì ni, ẹ̀gbọ́n onírun funfun, àbúrò onírun pupa. Kàátì ni wọ́n fi ń jà. Bí ọ̀kan bá ju kàátì sílẹ̀, ohun tó wà lára kàátì náà á dìde, á tóbi ju ilé lọ, á sì bá ti ẹnìkejì wọ̀yá ìjà. Iná á máa kọ mànà, ilẹ̀ á máa sán, ojú lásán kò lè mọ ẹni tó borí. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni àbúrò ń wá bí yóò ṣe na ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Faransé tèmi kò ju ti ìdúnàádúrà lọ, nítorí náà Mùsílíù ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. "Ẹ̀gbọ́n tún ti borí," ló máa ń wí. Inú mi á dùn, màá gbá a lórí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Mo rò pé bó ṣe yẹ kí ayé rí nìyẹn.

Àwa náà ṣe kàátì tiwa. Kátọ́ọ̀nù pelebe máa ń wà nínú ìdì aṣọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ó dúró gírí. Màmá kì í lò ó, a bá ń gé e, ogójì ni a gé. Èmi ni mo ya àwòrán sí iwájú. Ọwọ́ mi mọ àwòrán o. Mo ya ìjàpá fún Mùsílíù, mo ya ẹfọ̀n, mo ya ọ̀ọ̀nì, mo ya agẹṣin Bàrìbá tó wọ ẹ̀wù gbọ̀ọ̀rọ̀, tí ẹṣin rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè. Mo wá ya kìnìún kan. Kìnìún yẹn, bí ẹ bá rí i, ẹ ó sún sẹ́yìn. Mùsílíù ló fi bíìkì, gègé ìkọ̀wé rẹ̀, kọ agbára ẹranko kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn kàátì ní Faransé, bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ ní ilé-ìwé.

Bí a ti ń ṣe é ni pé èmi á ju ọ̀kan sílẹ̀, òun náà á ju ọ̀kan sílẹ̀, yóò wá ṣí ẹ̀yìn kàátì méjèèjì, yóò kà á sókè fún mi ní Yorùbá. Bí mo bá ju kìnìún mi sílẹ̀, á kà á pé, "Kìnìún ọba. Kì í sùn, kì í rẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹran tó lè borí rẹ̀." Á gbé ìjàpá tirẹ̀ kúrò nílẹ̀, á ní, "Ẹ ti nà mí." Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn ni mo fi nà án. Mo ń rìn ní Albarika bí ẹni tó jẹ oyè.

Àfi ọjọ́ tí Sálámì, ọmọ ilé kejì, tó máa ń dúró wò wá, la ẹnu rẹ̀ tó dà bí ata.

"Ràfíù, ta ló ń ka kàátì fún ẹ?"

"Àbúrò mi ni. Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

"Kò kàn mí. Mo kàn ń bi ẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n ń kàwé fún, ṣé ó mọ èyí tí wọ́n fò?"

Mo gbá a létí, ó sì sá lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ. Ó dúró sí mi láyà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú Mùsílíù bó ti ń kàwé. Ẹ ó rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ ohun tí mo rò fún yín. Mo rò pé agbára kìnìún mi pọ̀ ju èyí tó ń kà lọ, pé ìlara ló ń jẹ́ kí ó fi díẹ̀ pamọ́ fún mi.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, nílé Bàbá Mẹ́tìrì, ẹ̀gbọ́n onírun funfun yọ kàátì kan tó ń dán bíi wúrà. Kò sẹ́ni tó ka nǹkan kan lára rẹ̀. Ó kàn gbé e sókè ni, gbogbo ohun tó wà lójú ìjà sì wólẹ̀. Mo fò dìde láàárín àwọn ọmọ. Irú kàátì tí mo ń wá nìyẹn, èyí tí ẹni tí kò mọ̀wé àti ẹni tó mọ̀wé á jọ rí, tí wọ́n á sì jọ bẹ̀rù.

Mo sì mọ ibi tí wúrà wà. Ẹyọ aṣọ kọ̀ọ̀kan ló ní étíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, bébà olómi wúrà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìṣẹ́po rẹ̀. Òun ni oníbàárà kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí pé ayédèrú ti kún ọjà. Màmá máa ń sọ pé, "Aṣọ tí kò ní étíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ tí wọn ò sọ lórúkọ ni." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́, bí èèyàn ṣe ń gbọ́ kí àkùkọ máa kọ. Ní ìsàlẹ̀ pẹpẹ ìsọ̀ wa, ẹyọ aṣọ méjìlá wà nínú ọ̀rá, tí Hàjíyà kan ní ìlú Malanville ti yàn sílẹ̀. Mo ro ó wò: ẹni tó ti yan aṣọ tán, kí ló tún fẹ́ fi étíkẹ́ẹ̀tì ṣe? Mo fi abẹ bó méjèèjìlá nígbà tí Màmá lọ kírun, mo tún ọ̀rá dì bó ṣe wà. Ògì tí mo sè ni mo fi lẹ̀ wọ́n mọ́ igun kan níwájú kàátì. Kìnìún ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Mo lẹ mọ́kànlá mọ́ tèmi, mo fún Mùsílíù ní ọ̀kan fún ìjàpá rẹ̀, nítorí pé èmi kì í ṣe ahun.

Ó yí i wò títí. "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí i?"

"Jẹ ẹ̀kọ tí wọ́n fún ẹ, má bi mí ní ibi tí wọ́n ti lọ àgbàdo."

Ó fi í sínú àpò ìwé rẹ̀. A ṣeré lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti ṣòfin pé wúrà borí ohun gbogbo, mo sì ní mọ́kànlá. Mo borí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó jókòó dáadáa. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà, àmọ́ kò dùn lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Hàjíyà dé. Ọmọ ẹ̀yà Dẹ́ńdì ni, obìnrin gíga olójú líle, tó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé rí kí ó tó di oníṣòwò. Yorùbá rẹ̀ já gaara bíi ti ọmọ ilé. Ó jókòó, ó mu omi, ó tú ọ̀rá. Ó yí ẹyọ kìíní, ó yí ìkejì, ó yí ìkẹta.

"Ìyá Ràfíù, étíkẹ́ẹ̀tì dà?"

"Ó wà níbẹ̀, Hàjíyà. Ẹ yí i sí òdìkejì."

"Mo ti yí i. Orí rẹ̀ nìyí, ìdí rẹ̀ nìyí. Àbí étíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Mẹ́kà ni?"

Àwọn onísọ̀ tó yí wa ká rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó gba aṣọ náà, ó fi àtàńpàkò pa ìṣẹ́po rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Hàjíyà, ọdún mẹ́sàn-án la ti ń bá ara wa ná ọjà."

"Ohun tó ń dùn mí nìyẹn! Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ wá gbé ojúlówó pamọ́, ẹ kó ayédèrú sílẹ̀ dè mí. Bí mo bá gbé èyí dé Malanville, ta ni wọ́n máa pè lólè? Èmi ni."

"Hàjíyà, ẹ yà sí tiwa o!" ni obìnrin iwájú wa ń pè. "Tiwa ní étíkẹ́ẹ̀tì, ó tún ní ìjókòó!"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà aṣọ, ẹ mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe èèyàn ní oníṣòwò ayédèrú lẹ́ẹ̀kan ní Arzèkè, bí ó fi òkúta wúrà tajà, wọ́n á ní bàbà ni. Hàjíyà ti dìde, ó ti ń gbá ẹ̀yìn ìró rẹ̀. Màmá ń fi Ọlọ́run búra, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n, èmi tí n kò gbọ́ kí ohùn yẹn gbọ̀n rí. Mo dúró sí ẹ̀yìn pẹpẹ, kàátì mọ́kànlá wà lápò ṣòkòtò mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi kò là. Èmi Ràfíù, tí wọ́n ń bẹ̀ kí ó dákẹ́.

Ìgbà yẹn ni Mùsílíù ti ilé-ìwé dé, nínú aṣọ káńkì ilé-ìwé rẹ̀, ekuru dé orúnkún. Ó gbọ́ gbólóhùn méjì péré. Ó wò mí. Kò tọ́ka sí mi, kò pè mí. Ó ṣí àpò ìwé rẹ̀, ó yọ ìjàpá rẹ̀ oníwúrà, ó sì gbé e lé orí ẹyọ aṣọ tó wà lókè, sórí ibi tí àmì lẹ̀mọ́lẹ̀mọ́ wà. Etí étíkẹ́ẹ̀tì bá etí àmì náà mu bí ẹsẹ̀ ṣe ń bá bàtà rẹ̀ mu.

"Mùsílíù!" Màmá gbá a lọ́wọ́ mú. "Níbo lo ti rí èyí?"

Ó tẹjú mọ́ ìjàpá rẹ̀.

"Ìwọ lo bó étíkẹ́ẹ̀tì aṣọ mi? Èmi ni mò ń bi ẹ́!"

Ọwọ́ Màmá ti ròkè. Mùsílíù di ojú rẹ̀ pinpin. Kò ní òun kọ́, kò ní òun ni.

"Màmá, èmi ni."

N kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde. Mo kó kàátì jáde, mo ń tò wọ́n sórí aṣọ níkọ̀ọ̀kan, ẹfọ̀n, ọ̀ọ̀nì, agẹṣin, olúkúlùkù lórí àmì tirẹ̀, lójú gbogbo ọjà. Kìnìún ni mo tò kẹ́yìn. Ọwọ́ mi kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Hàjíyà tún jókòó. Ó fi èékánná tọ́ etí étíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí. Ó gbé kìnìún, ó yìn ín, ó ní ọwọ́ ta ló yà á. Mo ní ọwọ́ mi ni. Ìgbà yẹn ló yí i sẹ́yìn, ó ka ohun tó wà níbẹ̀ sínú, ẹ̀rín sì gbé e dé ibi tó ti di pẹpẹ mú.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́! 'Kìnìún arúgbó. Ariwo rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá ti ja ìjà kan, oorun á gbé e lọ. Ìjàpá lásán lè borí rẹ̀.'"

"Irọ́ ni!" Mo ti gbàgbé pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. "Hàjíyà, ẹ ò kà á dáadáa. Kìnìún ọba ni. Kì í sùn!"

Ó wò mí, ẹ̀rín rẹ̀ sì rọ̀. "Ọmọ mi, ta ló kà á bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Gbogbo wa yíjú sí Mùsílíù. Ó ń fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀.

"Ọjọ́ tí ẹ gba ẹran mi ni mo kọ ọ́," ló sọ fún mi. "Inú ló ń bí mi. Mo fẹ́ fi nà yín. Àmọ́ nígbà tí a jókòó, mo rí i pé bí mo bá kà á bó ṣe wà, ẹ ò ní bá mi ṣeré mọ́. N kò sì ní ẹlòmíràn tí mò ń bá ṣeré."

Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, ìjàpá ló ń fún kìnìún ní oúnjẹ. N kò lè wo ojú Màmá, n kò lè wo ojú Mùsílíù. Mo wo aṣọ.

Hàjíyà ló tú wa sílẹ̀. Ó ní ojúlówó ni, òun ti rí i pé àmì bá étíkẹ́ẹ̀tì mu, òun sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Ìyá Ràfíù lójú àwọn tó gbọ́ èébú náà. Ó fi pínnì gún kàátì mọ́ ẹyọ aṣọ mọ́kànlá, ó kó wọn. "Ṣùgbọ́n kìnìún tó ń sùn yìí, n kò gbé e lọ sí Malanville. Àwọn oníbàárà mi á bi mí ní ìbéèrè." Ẹyọ kejìlá dúró sọ́dọ̀ wa. Màmá kò tà á láéláé. Ó fi dá bùbá àti ìró, ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí Mùsílíù yege ìdánwò rẹ̀, ó sì tún wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí mo ṣí ìsọ̀ tèmi.

Mi ò ní parọ́ fún yín, Màmá nà mí. Ó nà mí dáadáa. Nígbà tó parí, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbé títí di òní: "Ràfíù, ẹni tí kò lè ka ẹ̀yìn kàátì ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa sọ fún un bí agbára rẹ̀ ṣe tó."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun Alaasari tán, èmi àti Mùsílíù á jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ìsọ̀ pẹ̀lú kàátì tó kù. Á fi ọwọ́ bo àwòrán, á ní kí n ka ọ̀rọ̀. Ọmọ tí mo ń gbá lórí wá di tísà mi, kò sì gbá mi lórí rí. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, mo ń ka pátákó ọjà. Nígbà tí wọ́n wá ṣí kíláàsì àgbà fún kíka Yorùbá ní àdúgbò Banikanni, iwájú ni mo jókòó, kò sì sẹ́ni tó yá jù mí lọ. Ìdí tí ẹ fi ń ka èyí nìyẹn. Èmi ni mo kọ ọ́. Mùsílíù kàn bá mi tún àmì ohùn orí rẹ̀ tò ni.

A tún ṣeré, òtítọ́ lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ló ń ka tèmi. Ó nà mí lẹ́ẹ̀meje léra. Ní ìgbà keje, mo fọ́n kàátì ká. Màmá, tó ń ṣẹ́ aṣọ po, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo ti máa ń fi òwe kan halẹ̀ mọ́ Mùsílíù pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Màmá ní, "Ràfíù, àkísà tìrẹ dà? Ìwọ tí o ò tíì wọ aṣọ kan gbó." Mo kó kàátì jọ. Ní ìgbà kẹjọ, mo nà án. Ìṣẹ́gun yẹn, ọ̀kan péré, mo ṣì mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu.

Lónìí, ìsọ̀ mi ní Arzèkè ní ilẹ̀kùn mẹ́ta. Kò sí étíkẹ́ẹ̀tì ayédèrú tó lè kọjá níwájú mi. Mùsílíù ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Kùtọnu, kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà wọ́n nítorí èdè ẹnu wọn. Màmá ti lọ sinmi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi Ṣìfáwù rí eré àtijọ́ yẹn lórí fóònù. Mo jókòó tì í. Faransé mi ti kúrò ní ti ọjà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹnu yà mí. Ẹ̀gbọ́n onírun funfun ń pàdánù! Ó pàdánù títí, ó fọ́nnu títí, àbúrò rẹ̀ sì ń dúró dè é títí ó fi mọ ara rẹ̀. Èyí tí mo fò dìde fún nílé Bàbá Mẹ́tìrì, kàátì wúrà yẹn, òun gan-an ló ba ẹ̀gbọ́n náà jẹ́. Mo pe Kùtọnu lójú ẹsẹ̀.

"Mùsílíù, o parọ́ fún mi. Gbogbo Ọjọ́rú!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?"

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá ti wọ ọkọ̀ lọ bá a jà. Ọkùnrin tí mo jẹ́ báyìí kàn ń dúpẹ́ nínú fóònù, títí ó fi ní ó tó. Mo ṣì ń fọ́nnu, ẹ ti rí i. Àmọ́ mo mọ ẹni tó fún mi ní èyí tí mo fi ń fọ́nnu.

Ó ń bọ̀ wálé fún ọdún Iléyá. Mo ti tún ìjàpá rẹ̀ yà fún un, mo sì ti yọ kìnìún náà kúrò nínú àpótí Màmá, wúrà rẹ̀ ti ṣá, ìkọ̀wé ẹ̀yìn rẹ̀ kò parẹ́. N kò yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀. Bí a bá jókòó, tó bá di pé kí n jù ú sílẹ̀, èmi fúnra mi ni màá ṣí i sẹ́yìn, tí màá kà á sókè bó ṣe wà, kí àwọn ọmọ wa gbọ́: kìnìún arúgbó, ariwo rẹ̀ pọ̀, ìjàpá lásán lè borí rẹ̀.